Odò, Adágún àti Òkun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ohun Ẹlẹ́mìí Inú Omi àti Ohun Tó Ń Pa Wọ́n

Ọ̀rọ̀ òkun ló sábà máa ń gbòde bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ewu tó wà nínú omi: àbùùbùtán, òkìtì iyùn, ike tó ń léfòó. Kò burú. Àmọ́ inú odò àti adágún ni ohun ẹlẹ́mìí ti ń tán kíákíá jù, ojú ọ̀nà odò yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí ilẹ̀ ń gbà dé òkun. Ìdí nìyí tí mo fi da ìbéèrè nípa méjèèjì pọ̀ síbí. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà àtigba òkun là tí kò bojú wo odò, àbọ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe.

Kí ni àwùjọ ohun ẹlẹ́mìí inú omi?

Ẹ jẹ́ ká mú adágún kan. Ẹja wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀, ewéko wà níbẹ̀, lámilámi ń yé ẹyin sí i, kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí sì kún inú rẹ̀. Wọ́n ń jẹ ara wọn, wọ́n ń sá pamọ́ sábẹ́ ara wọn, èyí tó bá sì kú nínú wọn ń di oúnjẹ fún àwọn tó kù. Ẹ fi omi fúnra rẹ̀ kún un, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń wọlé, iyọ̀ inú rẹ̀ àti bó ṣe gbóná tàbí tutù tó. Gbogbo rẹ̀ pátá ló para pọ̀ jẹ́ àwùjọ náà.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbẹgẹ́ ni pé tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹyọ kan, ẹ ò lè mọ ibi tó máa já sí. Ní etíkun àríwá òkun Pàsífíìkì, ẹranko kan wà tó ń jẹ́ sea otter, onírun lára tó ń wẹ̀ káàkiri inú òkun. Oúnjẹ rẹ̀ ni sea urchin, ẹ̀dá roboto tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ewédò gàgàrà kan tí wọ́n ń pè ní kelp ni òun náà ń jẹ. Àwọn ọlọ́dẹ pa otter títí ó fi kù díẹ̀ kó run, torí pé awọ rẹ̀ ń pa owó wọlé. Bí otter ṣe lọ, sea urchin pọ̀ yamùyamù, wọ́n jẹ igbó kelp náà dórí àpáta, ẹja tó fi igbó ọ̀hún ṣe ilé sì fọ́n ká. Àdéhùn tí àwọn ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 1911 ló dá ìpakúpa náà dúró. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí otter ti padà, kelp padà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín.

Omi ṣáà pọ̀ láyé. Kí ló wá dé tí wọ́n ń pariwo?

Omi bo nǹkan bí ìdá 71 nínú 100 ojú ayé lóòótọ́, àmọ́ nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 omi náà ló níyọ̀. Nínú ìwọ̀nba tí kò níyọ̀, èyí tó pọ̀ jù ti dì sí yìnyín, pàápàá ní Antarctica àti Greenland, abẹ́ ilẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù wà. Gbogbo odò, adágún àti àbàtà tí ojú lè rí, ẹ kó wọn jọ, wọn ò tó ìdá 1 nínú 100 omi tí kò níyọ̀. Adágún Baikal ní Rọ́ṣíà, tó jìn ju 1,600 mítà lọ, nìkan ló gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún omi tí kò níyọ̀ tó wà lójú ilẹ̀ tí kò sì dì.

Inú ààyè kékeré yẹn ni nǹkan bí ìdajì gbogbo irú ẹja tó wà láyé ń gbé. Omi yẹn náà ni èèyàn ń mu, tó fi ń bomi rin oko, tó fi ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, tó sì ń da ìdọ̀tí sí.

Tí wọ́n bá ju ẹja odò sínú òkun, ṣé á yè?

Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò ní yè. Iyọ̀ ara ẹja odò pọ̀ ju ti omi tó yí i ká lọ, nítorí náà omi ń wọ ara rẹ̀ ṣáá, òun náà sì ń tọ̀ ṣáá. Òdìkejì rẹ̀ ni ti ẹja òkun. Kílógíráàmù omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú, iyọ̀ yìí sì ń fa omi jáde lára ẹja, ó di dandan kó máa mu omi òkun kó sì máa wá bó ṣe máa lé iyọ̀ tó pọ̀ jù jáde. Ẹja odò tó bá bọ́ sínú òkun, inú omi ni omi ara rẹ̀ á ti gbẹ.

Àwọn díẹ̀ wà tí Ọlọ́run dá láti lè gbé méjèèjì. Inú odò ni wọ́n ti ń bí ẹja salmon, á lọ dàgbà sínú òkun, á sì padà wá yé ẹyin sínú odò. Ẹja eel ti ilẹ̀ Yúróòpù ń ṣe òdìkejì: odò ló ti ń dàgbà, àárín òkun Àtìláńtíìkì ló ti ń lọ bímọ. Irú àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ bá, torí pé ibi méjì ló gbọ́dọ̀ dáa fún wọn, kí ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀ sì ṣí sílẹ̀.

Kí ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ inú omi?

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni, nípasẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wà nínú ṣíbí omi òkun kan. Wọ́n ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ bíi ti ewéko, wọ́n sì ń tú ọ́síjìn jáde. Nǹkan bí ìdajì irú iṣẹ́ yìí tó ń lọ lórí ilẹ̀ ayé, ọwọ́ àwọn tó ń léfòó nínú òkun ló wà. Ọ̀kan lára wọn, Prochlorococcus, pọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn, síbẹ̀ ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn ọdún 1980 ni onímọ̀ nípa òkun kan, Sallie Chisholm, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Kòkòrò kéékèèké ń jẹ wọ́n, edé àti ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ kòkòrò, ẹja ńlá ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́.

Ohun kan wà tó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Lọ́dún 1977, nítòsí erékùṣù Galápagos, ní nǹkan bí 2,500 mítà sísàlẹ̀ níbi tí oòrùn ò dé rárá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ibi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti abẹ́ ilẹ̀, tí ohun ẹlẹ́mìí sì pọ̀ yí i ká. Ẹ̀dá kan wà níbẹ̀ tó rí bí aràn gígùn inú ihò funfun, orí rẹ̀ pupa fòò. Kò lẹ́nu, kò sì ní ìfun. Bakitéríà tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń bọ́ ọ, kẹ́míkà inú omi gbígbóná náà ni àwọn bakitéríà ọ̀hún sì fi ń ṣe oúnjẹ. Títí di ọjọ́ yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé láìsí oòrùn kò sí àwùjọ ohun ẹlẹ́mìí kankan.

Kí ló fà á tí adágún kan á fi ṣàdédé di àwọ̀ ewé?

Oúnjẹ ló pọ̀ jù fún ewédò inú rẹ̀. Ìbéèrè tó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ rí ni pé oúnjẹ wo gan-an? Lọ́dún 1973, onímọ̀ nípa adágún kan, David Schindler, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta aṣọ ìkélé kan la àárín adágún kékeré kan já ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, Adágún 226 ni wọ́n ń pè é. Apá kan, wọ́n da kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn sí i. Apá kejì, wọ́n da kábọ́ọ̀nù, náítírójìn àti fọsifọ́rọ́ọ̀sì sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, apá tó gba fọsifọ́rọ́ọ̀sì ti di àwọ̀ ewé ṣìnkìn, èkejì sì wà bó ṣe wà. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, ẹni tí kò kàwé rárá bá wo fọ́tò náà, á mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó wà lára ẹ̀rí tó mú kí wọ́n dín fọsifọ́rọ́ọ̀sì inú ọṣẹ ìfọṣọ kù.

Láti ibo ló ń gbà wọ inú omi? Ajílẹ̀ tí òjò gbá kúrò lóko, ìgbẹ́ àwọn ẹran ọ̀sìn, omi ẹ̀gbin ilé tí wọn ò tọ́jú kí wọ́n tó dà á nù. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ti ibi gbogbo wá, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti mú ẹnì kan ṣoṣo. Nínú òkun, náítírójìn ló sábà máa ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà náà, orísun rẹ̀ sì ni oko àti ìlú bákan náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú nìkan. Irú àwọn ewédò yìí kan ń pèsè májèlé. Lóṣù August ọdún 2014, májèlé wọn tó wà nínú adágún Erie wọ omi ẹ̀rọ ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní kí nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn má mu ún. Wọ́n kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sè é mu, torí pé síse kì í pa májèlé yìí, ṣe ló máa ń jẹ́ kó ki sí i bí omi ṣe ń fà.

Kí ló dé tí ẹja fi máa ń wá gbẹ́nu sókè lójú omi ní ìdájí?

Ọ́síjìn ló tán. Lójú ọ̀sán, ewédò ń tú ọ́síjìn sínú omi. Tílẹ̀ bá ti ṣú, kò ṣe é mọ́, òun náà á wá máa fà á símú pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dá tó kù. Ní omi tí ewédò ti pọ̀ jù, ìdájí ni ọ́síjìn máa ń kéré jù lọ, ẹja á wá máa gbẹ́nu sí ojú omi níbi tí afẹ́fẹ́ ti kan omi. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan kò ní rí nǹkan kan.

Kí ni “agbègbè òkú” inú òkun?

Ohun kan náà ni, àmọ́ ó tóbi jùyẹn lọ. Tí ewédò tó pọ̀ jù bá kú, ó máa ń rì, bakitéríà tó ń jẹ ẹ́ rà sì ń lo ọ́síjìn ìsàlẹ̀ omi tán. Ẹja tó lè sá á sá, akàn àti ìgbín òkun tí kò lè sá á kú síbẹ̀. Ní ẹnu odò Mississippi, níbi tó ti wọ ìyawọlẹ̀ òkun tó wà ní gúúsù Amẹ́ríkà, ọdọọdún ni agbègbè òkú yìí ń yọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 ka irú rẹ̀ tó ju 400 lọ káàkiri ayé. Ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ kan da sóko tó jìn sí òkun ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà wà lára ohun tó ń pa akàn tí kò ní rí láéláé.

Èwo ló wà nínú ewu jù, odò ni àbí òkun?

Odò àti adágún ni, èmi ò sì rò pé ó yẹ kí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ mọ́. Àyẹ̀wò tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ohun ẹlẹ́mìí, gbé jáde ní January 2025 fi hàn pé nǹkan bí ìdá 24 nínú 100 irú àwọn ẹja, lámilámi, akàn àti edé inú omi tí kò níyọ̀ ló wà nínú ewu àkúrun. Ẹ̀dá odò ò ríbi sá sí. Ẹja òkun tí ibì kan ò bá rọgbọ fún lè ṣí lọ síbòmíì, àmọ́ ilẹ̀ gbígbẹ ló yí adágún po, odò sì ní bèbè méjì àti ìsàlẹ̀ tí ìdọ̀tí gbogbo ń ṣàn lọ.

Odò Yangtze ní Ṣáínà ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Dólífì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní baiji, odò yẹn nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé. Ní 2006 àwọn olùwádìí fi ọkọ̀ wá a káàkiri odò náà, wọn ò rí ẹyọ kan. Ẹja kan tún wà níbẹ̀ tí imú rẹ̀ gùn bí idà, Chinese paddlefish, ọ̀kan nínú àwọn ẹja omi aláìníyọ̀ tó tóbi jù láyé. Ní 2022, IUCN kéde pé ó ti kú àkúrun. Ohun tó pa wọ́n kì í ṣe ẹyọ kan: ìsédò wà níbẹ̀, ìpẹja àpajù wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ìdọ̀tí náà wà níbẹ̀. Láti January 2021 ni Ṣáínà ti fòfin de ẹja pípa fún ọdún mẹ́wàá lórí odò náà. Fún àwọn méjì yìí, ó ti pẹ́ jù.

Ṣé gbogbo ìsédò ló burú?

Rárá. Ìsédò ń pèsè iná, ó ń tọ́jú omi dìgbà ọ̀dá, ó sì ń dín omíyalé kù. Àmọ́ iye tó ń ná odò pọ̀ ju èyí tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ètò rẹ̀ lọ. Ó ń dínà mọ́ ẹja tó ń ṣí kiri. Ó ń dá iyanrìn àti ẹrẹ̀ dúró, etíkun tí ẹrẹ̀ yẹn ìbá máa kún á wá máa jẹ sínú. Ó sì ń yí ìgbà tí odò ń kún padà, bẹ́ẹ̀ kíkún odò yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹja fi ń mọ̀ pé àkókò ìyẹ́yin ti tó.

Èyí tó ti gbó tí kò wúlò mọ́ ṣeé wó. Láàárín 2011 sí 2014 ni wọ́n wó méjì lórí odò Elwha ní ìpínlẹ̀ Washington. Ní 2024, wọ́n parí wíwó mẹ́rin lórí odò Klamath ní ààlà California àti Oregon, kò sì tó oṣù mélòó kan tí àwọn èèyàn fi rí salmon lókè ibi tí ìsédò náà wà, níbi tí ẹsẹ̀ wọn ò ti lè dé fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Ṣé adágún ńlá lè gbẹ lóòótọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 1960, Òkun Aral ní àárín gbùngbùn Éṣíà, tó jẹ́ adágún lóòótọ́ bí wọ́n tiẹ̀ ń pè é ní òkun, fẹ̀ tó nǹkan bí 68,000 kìlómítà níbùú lóòró. Òun ló ṣe ìkẹrin nínú àwọn adágún tó tóbi jù láyé. Odò méjì ló ń bọ́ ọ, Amu Darya àti Syr Darya. Ìjọba Soviet darí omi wọn lọ sí oko òwú. Bí adágún náà ṣe ń fà, iyọ̀ rẹ̀ ń pọ̀, títí ẹja fi kú. Ọkọ̀ àwọn apẹja jókòó sórí iyanrìn ní Moynaq, ní Uzbekistan, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti dípẹtà. Ìjì ń gbé eruku iyọ̀ àti oògùn apakòkòrò láti ìsàlẹ̀ adágún tó gbẹ náà sórí ilé àwọn èèyàn.

Adágún Chad jẹ́ nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóòró láwọn ọdún 1960. Ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980, pẹ̀lú omi tí wọ́n ń fà lọ soko, sọ ọ́ di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwọn kan máa ń sọ pé ó ṣì ń gbẹ lọ báyìí títí á fi tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an: láti ìgbà yẹn, omi rẹ̀ ti gòkè díẹ̀, ó sì ń lọ sókè sódò bí òjò bá ṣe rí. Àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó yí i ká ni wọ́n ń bá ìlọsókè-sódò yẹn yí.

Kí ló burú nínú kí ẹja àjèjì wọ adágún? Ẹja ṣáà lẹja.

Ẹ bi adágún Victoria. Láwọn ọdún 1950 ni wọ́n da Nile perch síbẹ̀, ẹja ńlá kan tó lè gùn ju èèyàn lọ. Ó pa owó wọlé, òtítọ́ ni, títí dòní wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun. Àmọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹja kéékèèké, tí kò sí níbòmíì láyé, ló wà nínú adágún náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ò rí mọ́. Ìdọ̀tí tó ń ṣàn wọlé jẹ́ kí omi náà dú, ìyẹn náà sì dá kún ikú wọn.

Kì í ṣe gbogbo àjèjì lèèyàn ń mọ̀ọ́mọ̀ kó wá. Ọkọ̀ òkun tí kò kó ẹrù máa ń fa omi sínú kó lè dúró dáadáa, á sì tú u dà nù ní èbúté tó bá dé, pẹ̀lú ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni zebra mussel, ẹ̀dá oníkarawun tí kò ju èékánná lọ, ṣe dé àwọn adágún ńlá Amẹ́ríkà, tó sì dí páìpù omi níbẹ̀. Àdéhùn àgbáyé kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 2017 ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ tọ́jú omi yìí kí ó tó dà á nù.

Ẹja òkun lè tán ni?

Ẹja cod ti etíkun Newfoundland ní Kánádà ni ìdáhùn. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún ni wọ́n fi pa ẹja níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ńláńlá dé, èyí tó ń pa ẹja tó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín lójú òkun níbẹ̀. Ní 1968, ohun tí wọ́n pa lé ní 800,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn apẹja kéékèèké etíkun sọ ọ́ léraléra pé ẹja àwọn ń dín kù, àmọ́ ìṣirò tí àwọn aláṣẹ ń lò sọ pé kò séwu. Ní July 1992, ìjọba ti ibẹ̀ pa. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìfòfindè tí wọ́n rò pé ọdún méjì ló máa jẹ́, 2024 ni wọ́n tó gbé e kúrò, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì gbà kí wọ́n máa pa.

Lónìí, FAO, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta lára àwọn ẹja òkun tí wọ́n ń ṣọ́ tí wọ́n ń pa ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á tún ṣe kókó. Àwọ̀n tó wúwo tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ òkun kì í ṣa ẹja nìkan, ó ń tú gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Kí ló ń mú kí òkìtì iyùn funfun?

Ẹ̀dá tín-tìn-tín ni iyùn, ewédò kan sì ń gbé inú ẹran ara rẹ̀ bí ayálégbé tó ń san owó ilé dáadáa: iyùn fún un ní ibùgbé, òun ń fún iyùn ní oúnjẹ àti àwọ̀. Tí omi bá fi nǹkan bíi dígírì kan péré gbóná ju bó ṣe máa ń gbóná jù lọ, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á lé ewédò náà jáde. Egungun rẹ̀ funfun á wá hàn. Kò tíì kú nígbà yẹn. Tí omi bá tètè tutù, ó lè padà bọ̀ sípò. Tí kò bá tutù, ebi á pa á kú.

Ìfunfun tó kárí ayé ti ṣẹlẹ̀ ní 1998, ní 2010, ní 2014 sí 2017, wọ́n sì kéde ìkẹrin ní April 2024. Ọ̀rọ̀ yìí tóbi torí pé òkìtì iyùn kò bo ìdá 1 nínú 100 ìsàlẹ̀ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin irú ohun ẹlẹ́mìí òkun ló gbára lé e.

Ooru nìkan kọ́. Òkun ti gba ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 ooru àlékún tí èèyàn fà, ó sì ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tí à ń tú sáfẹ́fẹ́. Gáàsì yìí ń mú kí omi òkun kan díẹ̀díẹ̀: láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ti bẹ̀rẹ̀, kíkan rẹ̀ ti fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 lé sí i. Ó wá ń ṣòro sí i fún iyùn àti ẹ̀dá oníkarawun láti mọ ilé wọn.

Ṣé ike ni ọ̀tá tó burú jù?

Òun ni ojú rí jù, kò dá mi lójú pé òun ló burú jù. Ìṣirò kan fi hàn pé ní 2010, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ tọ́ọ̀nù ike ló wọ òkun. Kì í jẹrà, ṣe ló ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ti rí i títí dé kòtò Mariana, ibi tó jìn jù nínú òkun. Ìjàpá òkun ń gbé ọ̀rá mì. Àwọ̀n tó já bọ́ lọ́wọ́ apẹja ṣì ń pa ẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó máa kó o. Gbogbo ìyẹn burú. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n yan ohun tí màá kọ́kọ́ dá dúró, ooru àti ìpẹja àpajù ni màá mú fún òkun. Fún odò, omi ẹ̀gbin àti bíba ibùgbé jẹ́ ni. Ẹni tó ṣa ike etíkun ti ṣe dáadáa. Kó má kàn rò pé iṣẹ́ parí síbẹ̀.

Kẹ́míkà tó kéré nínú omi, báwo ló ṣe ń dé ara èèyàn?

Ó ń pọ̀ sí i bó ṣe ń ti ara ẹ̀dá kan bọ́ sí ara èkejì. Ní Minamata, ní Japan, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ń da mẹ́kúrì sínú òkun. Ẹ̀dá kéékèèké gbà á sára, ẹja jẹ wọ́n, èèyàn àti ológbò jẹ ẹja. Àwọn ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń ṣubú. Ní 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ àìsàn náà sílẹ̀ lára èèyàn, àwọn ìyá tára wọn le sì bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bà jẹ́ látinú oyún. Orúkọ ìlú yẹn ni àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì ń jẹ́ láti 2013.

Kí ni àǹfààní àbàtà àti igbó etí omi iyọ̀?

Ó pọ̀. Àbàtà ń sẹ́ omi, ó ń fa ìkún omi mu, ó sì ń dá ajílẹ̀ dúró kó tó dé odò. Igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè nínú ẹrẹ̀ omi iyọ̀, ni ọmọ ẹja àti ọmọ edé ń sá sí kí wọ́n tó dàgbà lọ sójú òkun, ó sì ń gba agbára ìjì kúrò lára etíkun. Àwọn tó ń fi iyanrìn dí irú ibẹ̀ láti kọ́lé ń ta ohun tí wọn ò lè rà padà.

Òfin wà fún un? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ó wà. Àdéhùn Ramsar lórí àbàtà ti wà láti 1971. Ní 2022, àwọn ìjọba gbà láti dáàbò bo ìdá 30 nínú 100 ilẹ̀, odò, adágún àti òkun kó tó di òpin 2030. Àdéhùn lórí òkun tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta òkun, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026. Ohun tí mo máa ń wò ni pé ta ló ń ṣọ́ ibẹ̀? Ibi tí wọ́n fa ìlà yí ká lórí máàpù, tí ọkọ̀ ṣì ń wọ́ àwọ̀n nínú rẹ̀, kò yàtọ̀ sí ibi tí wọn ò fàlà sí.

Omi tó ti bà jẹ́, ṣé ó lè padà?

Ó lè padà, tí wọ́n bá gé ohun tó ń bà á jẹ́. Ní 1957, àwọn onímọ̀ kéde pé odò Thames ní London ti kú. Wọ́n tún ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ẹ̀gbin ṣe, lónìí ẹja àti ẹranko seal wà níbẹ̀. Ní Cabo Pulmo ní Mexico, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló fẹ́ kí wọ́n dáwọ́ ẹja pípa dúró, ó di ọgbà ìjọba ní 1995. Láàárín 1999 sí 2009, ìwọ̀n ẹja ibẹ̀ fi ìdá 463 nínú 100 lé sí i. Àbùùbùtán humpback ń pọ̀ padà ní ọ̀pọ̀ ibi láti ìgbà tí ìfòfindè pípa àbùùbùtán fún òwò ti bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Apá àríwá Aral pàápàá: Kazakhstan kọ́ ìsédò Kokaral parí ní 2005, omi gòkè, iyọ̀ dín kù, àwọn apẹja tún ń ta àwọ̀n. Apá gúúsù ò rí bẹ́ẹ̀ ṣe.

Kí lẹnì kan ṣoṣo lè ṣe?

Ẹ má da epo ọkọ̀ tó ti gbó, oògùn tó ti bà jẹ́ tàbí ọ̀dà sínú gọ́tà. Odò ló ń lọ. Ẹ má tú ẹja inú gíláàsì ilé yín sódò, bó ti wù kí àánú rẹ̀ ṣe yín tó. Ẹni tó ń dáko, kó má da ajílẹ̀ nígbà tí òjò ti ṣú, kó sì fi igi àti koríko sílẹ̀ létí odò. Ẹni tó ń pẹja, kó dá èyí tí kò tíì yé ẹyin rí padà. Ẹ bi àwọn aláṣẹ ìlú yín ibi tí omi ẹ̀gbin ń lọ. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ìbéèrè yìí ni mo rò pé ó lágbára jù, torí pé ìjọba nìkan ló lè kọ́ ibi ìtọ́jú omi ẹ̀gbin.

Mo rí ẹja tó kú lọ súà lójú omi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má ṣà á jẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ajá tàbí ọmọdé sún mọ́ omi náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ aago tí ẹ dé ibẹ̀ sílẹ̀, àwọ̀ omi, òórùn rẹ̀, bóyá òjò rọ̀ lóru àná, bóyá irú ẹja kan ló kú àbí oríṣiríṣi, àti bóyá akàn àti ọ̀pọ̀lọ́ náà kú. Tó bá jẹ́ pé ẹja ńlá ló pọ̀ nínú òkú, tí àwọn kan ń gbẹ́nu sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ́síjìn ló tán. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀dá ló kú lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan kòkòrò, kẹ́míkà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ sì wo òkè odò. Ẹ pe àwọn tó ń bójú tó àyíká lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, omi tó ṣiṣẹ́ náà á ti ṣàn lọ.